Kí o tó san owó Laguiole yẹn

Àbúrò, o ní ẹnìkan fẹ́ ta ọ̀bẹ Laguiole àlòkù, ọ̀bẹ Faransé tó ń pa dé sínú èkù, fún ọ ní ọjà Ouando, ẹgbẹ̀rún 30 séfà, ó sì ní ti bàbá àgbà òun tó jagun fún Faransé ni. Má tíì sanwó. Ìtàn bàbá àgbà tí kò ní ìwé kankan lẹ́yìn, má fi séfà kan lé e.

Èmi náà ti ra ìtàn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọ̀bẹ jọ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọkùnrin kan gbé Opinel kékeré kan wá, ọ̀bẹ Faransé mìíràn tó ń pa dé. Ó ní, "Ẹ wò ó, kò ní òrùka tí wọ́n fi ń tì í, ó ti wà ṣáájú 1955 nìyẹn." Lóòótọ́, 1955 ni Opinel gbé òrùka yẹn jáde. Mo mọ̀ ọ́n, orí mi wú, mo ka ẹgbẹ̀rún 15 fún un. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí nọ́ńbà 5, ìyẹn nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀, lára rẹ̀. Nọ́ńbà 6 sókè ni wọ́n ń fi òrùka sí. Nọ́ńbà 5 kò ní in títí di òní. Ọ̀bẹ tuntun ni, tíì ni wọ́n fi pa irin rẹ̀ láró kó lè dúdú bí ògbólógbòó. Mo gbóòórùn tíì náà o!

Laguiole tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ìlú kékeré kan ní Faransé ni, irú ọ̀bẹ kan ni wọ́n sì fi ń pè, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ń rọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n ń rọ ọ́ ní Thiers, ti Ṣáínà sì kún ọjà. Àwòrán kòkòrò oyin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ìdí irin níbi tó ti wọnú èkù ni kí o wò. Bí "Laguiole" nìkan bá wà níbẹ̀ láìsí orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹgbẹ̀rún 5 ni èmi máa dá.

Bí orúkọ bá wà, ṣí i, pa á dé, kí o mì í. Bó bá ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká, ìṣó rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Wo ojú rẹ̀ náà: èyí tí wọ́n ti pọ́n títí tó fi rù bí ọṣẹ tó kù díẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá irin rẹ̀ padà.

Èkù eyín erin? Fi í sílẹ̀ fún un, ẹjọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni.

Bó bá sì ní òun máa bá ọ fọ̀ ọ́ kó dán, sá. Mo gba ọ̀bẹ kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ní Kétu, ó dúdú minimini. Ẹnìkan ti ní òun máa fún mi ní ẹgbẹ̀rún 40. Mo ní kí n tún un ṣe, mo fi sáńdípépà ha á títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ rà á dé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bó o láwọ̀." Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ìpáàrà pupa ló ń jẹ irin; dúdú yẹn ń bò ó ni, òun sì ni ọjọ́ orí rẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ ti tó fún pupa. Má sì fi ọ̀bẹ sínú àkọ̀ awọ tọ́jú, ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí máa ń jókòó sínú awọ.

Ya fọ́tò ìdí irin náà kí o fi hàn mí. Bó bá kọ̀ kí o ṣí i, máa bọ̀ nílé.