Ṣé Àánú ni tàbí Iyì? Àmì Ẹ̀yẹ fún Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà Ìdàgbàsókè

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní òkè òkun, mo kí gbogbo yín. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 19, ó sì ní Down syndrome, ìpèníjà ìdàgbàsókè tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ kan tó máa ń fún àwọn tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè àti àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dọọdún fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n kọ àlàyé nípa rẹ̀ ránṣẹ́. Inú mi dùn, àmọ́ bàbá rẹ̀ ní àánú lásán ni, pé wọ́n kàn fẹ́ gbé ọmọ wa síwájú èrò kí àwọn olówó lè dáwó fún wọn. Ṣé kí a gbà? Bí a bá gbà, kí ni kí n kọ? Mo sì ń rò ó bóyá kí n dárúkọ obìnrin tó máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ń rí iṣẹ́ ribiribi tí obìnrin náà ń ṣe.

Ìyá Morẹ́nikẹ́

Ìdáhùn

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ bá mi kí bàbá wọn. Ohun tí wọ́n sọ ní ìdí. Stella Young, akọ̀ròyìn ọmọ Ọsirélíà tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, sọ ní gbangba ní Sydney ní ọdún 2014 pé nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 15, ará àdúgbò kan wá bá àwọn òbí òun, ó fẹ́ dárúkọ òun fún àmì ẹ̀yẹ. Àwọn òbí náà ní ó dára, àmọ́ ọmọ àwọn kò tíì ṣe nǹkan kan. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ, ó sì ń wo tẹlifíṣọ̀n bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ tí a bá fúnni nítorí pé ènìyàn kàn wà láàyè pẹ̀lú àìlera, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ló máa ń dùn mọ́ ju ẹni tó gbà á lọ.

Ẹ wá wo ti Chris Nikic. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà yìí, tí òun náà ní Down syndrome, lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 3.8, ó gun kẹ̀kẹ́ fún 180, ó sì fi ẹsẹ̀ sá 42.2 nínú ìdíje Ironman ní Florida ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, láàárín wákàtí 17 tí wọ́n fún gbogbo olùdíje. Nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Jimmy V, tó wà fún ìforítì nínú eré ìdárayá, ní ọdún 2021, ohun tó ṣe wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rí. Kò dìgbà tí Morẹ́nikẹ́ bá sáré bẹ́ẹ̀ o. Bí ó bá ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó ń dé lásìkò, tó sì ń fi iṣẹ́ han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nǹkan gidi nìyẹn. Ẹ bi ẹgbẹ́ náà pé kí ni ó ṣe tí wọ́n fi yàn án. Bí wọ́n bá ní torí pé ó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn ni, bàbá rẹ̀ ló jàre.

Ṣùgbọ́n ẹ ti bi Morẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀? N kò rí i nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹni ọdún 19 kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn ṣàlàyé fún un, ẹ fi àwòrán ayẹyẹ ọdún tó kọjá hàn án, ẹ fún un láyè láti rò ó, kí ẹ sì fara mọ́ ọn bí ó bá ní òun kò fẹ́.

Bí ó bá gbà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé yín, kì í ṣe àìlera rẹ̀, kì í sì í ṣe omijé tí ẹ̀yin sun nígbà tí ẹ bí i. Ẹ fi gbólóhùn kan tàbí méjì tí òun fúnra rẹ̀ sọ kún un.

Ẹ dárúkọ obìnrin náà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ irú wọn ṣòro láti júwe, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ kọ ohun tó máa ń bá ọmọ yín ṣe tẹ́lẹ̀, tí ọmọ náà ti ń dá ṣe báyìí. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ìyà ló ń jẹ lọ́dọ̀ ọmọ yín. (Àmì ẹ̀yẹ kì í ṣe owó oṣù o, bí owó rẹ̀ bá kéré, ẹ bá àwọn tó gbà á síṣẹ́ sọ ìyẹn lọ́tọ̀.)

Ẹ tún béèrè bí ọjọ́ ayẹyẹ náà yóò ṣe rí. Ọmọkùnrin tèmi ní ọ́tísìmù, kò sì lè fara da àtẹ́wọ́ ńlá, nítorí náà mo máa ń béèrè bóyá yàrá kan wà tí kò sí ariwo, bóyá ó lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àti ibi tí wọn yóò lo fọ́tò rẹ̀ sí. Bí wọn kò bá fẹ́ fi ti fọ́tò náà sínú ìwé, ẹ má tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Morẹ́nikẹ́. Ti obìnrin náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Bàbá Àyọ̀