Ọjọ́ mẹ́wàá ní Spéìn: ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú

Bọ̀dá mi, ẹ ní Barcelona ti sú ẹ̀yin àti ìyàwó yín, pé oúnjẹ gidi àti ilẹ̀ tó dùn-ún wò lẹ ń wá. Ẹ wá bèèrè bóyá ẹ lè wa mọ́tò yí ìpínlẹ̀ Extremadura, Asturias, Galicia àti Aragón po láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Rárá o. Títì nìkan lẹ máa rí. Ìlú mọ́kànlá lèmi náà kọ sínú ìwé nígbà tí èmi àti ìyàwó mi lọ lóṣù karùn-ún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ nínú mọ́tò.

Ọ̀nà kọ́ ló dá wa lágara, ọ̀nà wọn dán bí àwo. Aago ni. Ọjọ́ Sunday la dé Madrid láti London. Níbi tá a ti fẹ́ gba mọ́tò tá a háyà, wọ́n kọ káàdì mi. Kírẹ́díìtì káàdì tó ní orúkọ awakọ̀ lára ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n lè fi há owó ìdúró mọ́lẹ̀, dẹ́bíìtì lèmi sì mú dání. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ wákàtí méjì ni ìyàwó mi rántí pé òun ní ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ báàgì, ló bá di dẹ́rẹ́bà títí a fi padà. (Tó bá jẹ́ ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà lẹ ní, ẹ gba ti ìrìn-àjò òkèèrè mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.) Èmi ni mo ní ká má yà jẹun, ká lè tètè dé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la wọ ìletò kan lápá Guadalupe, ní Extremadura. Wọ́n ti pa iná ìdáná, wọ́n ní ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. A padà dé ní mẹ́sàn-án, ilẹ̀kùn wà ní títì pa, torí alẹ́ Sunday ni, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìgbèríko wọn kì í ṣí. Bisikíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ la jẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gbéyàwó mọ irú ìwò yẹn.

Ọjọ́ kejì a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fa ìwé ya. Oúnjẹ ọ̀sán ni gbogbo nǹkan lọ́hùn-ún. Láti bí aago kan ààbọ̀ títí di mẹ́rin ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀, kó tó di alẹ́ pátápátá kò tún sí mọ́. Láti Monday dé Friday, ẹ bèèrè menú del día: àwo àkọ́kọ́, àwo kejì, ohun dídùn, búrẹ́dì, omi tàbí wáìnì, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bíi yúrò mẹ́rìnlá là ń san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko. Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ ti máa jẹ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kí ibi tẹ́ ẹ máa sùn má ju wákàtí kan lọ síbẹ̀. Látìgbà tá a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà parí.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ àti ilẹ̀ ló wù yín, Extremadura ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti Madrid, títì A-5 ló lọ síbẹ̀, bíi kìlómítà 250 sí ìlú Trujillo. Ilẹ̀ yẹn lọ gbọọrọ bí ọ̀dàn ọ̀nà Ṣakí, igi oak dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ dúdú wà lábẹ́ wọn. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ló ń jẹ èso igi náà láti nǹkan bí October títí di February, ẹran itan wọn ló sì ń di jamón tí gbogbo ayé ń pariwo. Èyí tó ní àmì dúdú lára ni ojúlówó jù lọ. Ère Pizarro tó gun ẹṣin wà ní gbàgede Trujillo, ọmọ ìlú náà ni, òun ló kó ilẹ̀ Peru mọ́lẹ̀. Mo wò ó, mo kọjá. Ní Cáceres, ẹyẹ àkọ̀ ló wù mí: wọ́n kọ́ ìtẹ́ sórí gbogbo ilé ìṣọ́ àtijọ́, wọ́n ń lu ẹnu wọn pọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń gbá pákó.

Ẹ má fo Monfragüe, láàárín Trujillo àti Plasencia. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Salto del Gitano, òkúta gàgàrà lórí odò Tajo. Igún ló kún ibẹ̀. Lódò ẹran n'Ìbàdàn ni mo ti gbọ́njú mọ igún, wọ́n á tò sórí páànù bí àgbà tó ń ṣèpàdé. Nílé wa báyìí, àwọn tó ń pa wọ́n ṣoògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán. Ẹ̀gbẹ́ títì lásán la dúró sí ní Monfragüe tí wọ́n ń fò kọjá nísàlẹ̀ wa, ẹ̀yìn wọn là ń rí, a sì ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú ìyẹ́ wọn. Wákàtí kan àbọ̀ la lò. Mi ò fẹ́ kúrò.

Ẹ̀bi tèmi nìkan ni ti Torta del Casar. Wàràkàṣì àgùntàn ni. Òdòdó ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n fi ń mú wàrà rẹ̀ dì, bí àwọn Fúlàní ṣe ń fi ewé bòmubòmu ṣe tiwa. Wọ́n á gé orí rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, inú rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ ó máa fi búrẹ́dì bù ú, ó sì máa ń korò díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Mo ra odidi kan, mo jù ú sí bùtù, a lọ wo tíátà tí àwọn ará Róòmù kọ́ sí Mérida. Láti nǹkan bí ọdún 16 ṣáájú ìbí Jésù ló ti wà, wọ́n ṣì ń ṣeré níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tá a fi máa padà sídìí mọ́tò, oòrùn ti se wàràkàṣì náà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣí gíláàsì sílẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa jẹ ẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ rà á.

La Vera, lábẹ́ òkè Gredos, ni ìyàwó mi ti dárí jì mí. Ata wà níbẹ̀. Èéfín igi oak ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, pimentón ni wọ́n ń pè é. Oríṣi mẹ́ta ló wà, èyí tí wọ́n pè ní picante kò ta rárá, ọmọdé ilé wa á jẹ ẹ́, á ní kí wọ́n fi kún un. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Tíìnì mẹ́fà ló rà. Tó bá bu ṣíbí kan sínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù báyìí, ẹ ó búra pé ìdí iná igi níbi ìnáwó ló ti sè é.

Ìyàwó mi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, èyí sì le níbẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ ẹran, wọ́n lè gbé ẹ̀wà tútù wá kí jamón wà lórí rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹran kọ́ nìyẹn lójú wọn. Ẹ dárúkọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: sin cerdo (láìsí ẹlẹ́dẹ̀), sin jamón, sin chorizo (sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀). Caldereta, ọbẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn, ló ń jẹ. Èmi jẹ callos, ṣàkì lẹ mọ̀ ọ́n sí, bí ẹni wà n'Ìbàdàn.

Ẹ gba títì A-66 lọ sókè. Salamanca dára, èrò pọ̀ jù. Zamora dákẹ́ jẹ́ẹ́, a gbádùn rẹ̀. Ní León, ẹ ra ohun mímu, wọ́n á gbé oúnjẹ díẹ̀ tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Mínírà mẹ́rin ni ìyàwó mi fi yó. Láti León, ẹ má gba títì olówó AP-66. N-630 àtijọ́ ni kẹ́ ẹ gbà, tó gba orí òkè Pajares, mítà 1,378. Lẹ́yìn orí òkè yẹn ni ilẹ̀ á yí padà kúrò ní àwọ̀ eruku, á di àwọ̀ ewéko tó ń kán omi.

Asturias nìyẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a gun òkè lọ sí adágún Covadonga, kùrukùru bò ó, agogo ọrùn màlúù là ń gbọ́, a ò rí màlúù. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì la padà lọ, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un nítorí kùrukùru. Nígbà tí èrò bá pọ̀, wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò aládàáni gòkè, bọ́ọ̀sì láti ìlú Cangas de Onís lẹ máa wọ̀.

Fabada wọn, ẹ̀wà funfun ńlá pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ lóríṣiríṣi, ti wúwo ju ohun tí oorun ọ̀sán lè dà lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń se ẹ̀wà yẹn pẹ̀lú ìṣáwùrú òkun, fabes con almejas, ìyẹn ni ìyàwó mi jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọtí ápù wọn, ẹni tó ń bù ú á na ìgò sókè ju orí rẹ̀ lọ, ife á wà ní ìbàdí, á máa wo ibòmíì. Díẹ̀ ni wọ́n ń bù, ẹ ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó da ìyókù sílẹ̀. Mo rò pé àwọn alálẹ̀ ni wọ́n ń dà á fún. Àṣé etí ife ni wọ́n fi ń ṣan, torí ife kan náà ló máa ń yípo bí igbá ẹmu. Dẹ́rẹ́bà wa ò fẹnu kàn án, èmi ni mo bá a mu tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi: òru méjì ní Trujillo tàbí Cáceres, méjì ní La Vera, ọ̀kan ní Zamora, ọ̀kan ní León, mẹ́ta lápá Cangas de Onís, kẹ́ ẹ padà sí Madrid. Aragón àti Galicia á dúró dè yín. Ṣé ìyàwó yín ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó yàrá kankan.