Ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò kí ẹ tó sanwó

Arábìnrin wa láti Òṣogbo ní òun fẹ́ kó òròmọdìẹ 30 sí ẹ̀yìnkùlé, ó wá ń béèrè ohun tí òun máa tẹ́ sílẹ̀ fún wọn: ṣé lẹ́búlẹ́bú pákó ni, àbí èèpo ìrẹsì, àbí iyanrìn? Mo rí i pé àwọn tó ti dáhùn ń bá ara wọn jiyàn lórí èyí tó dára jù. Mi ò ní dá sí ìyẹn. Òròmọdìẹ 19 ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọdún kẹta tí mo ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé mi n'Íbàdàn ni. Oṣù Kẹfà ni, òjò ò fẹ́ dá. Mo ra òròmọdìẹ 50, akọ ni gbogbo wọn, torí mo fẹ́ kí wọ́n tó tà nígbà Kérésì. Mo lọ sí sọ́mìlì kan, ọmọkùnrin kan sì bá mi di lẹ́búlẹ́bú kún àpò 6 láti ara òkìtì tó wà níta gbangba. Òkè òkìtì yẹn gbẹ, oòrùn ti ta á díẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, mo ní ó ti dáa. Ìgbà tí mo délé tí mo ń tú àpò kẹrin ni mo rí i pé inú rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń rùn bí abẹ́ ewé tó ti jẹrà. Mo ní kò burú, ṣebí ìkòkò èédú tí mo gbé sáàárín wọn yóò gbẹ ẹ́.

Ó gbẹ lóòótọ́. Gbígbẹ tó gbẹ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí ohun tó ti bu bá ṣì tutù, èbu rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Tó bá gbẹ tán, tí ẹsẹ̀ 100 wá ń tú u káàkiri, ṣe ló ń fò sókè, tí àwọn ọmọ adìẹ sì ń fà á símú.

Láti bí ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn, tí wọ́n ń la ẹnu gba afẹ́fẹ́. Kò sí ìkọ́, kò sí ariwo, wọ́n kàn ń mí gúlegúle. Aládùúgbò mi ní òtútù ni. Ẹlòmíì ní lukuluku ni. Mo ra oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, mo ra fítámì, mo pò ó sómi. Wọ́n ń kú mẹ́ta, mẹ́rin lójúmọ́. Ìgbà tí mo gbé òkú méjì lọ bá dókítà ẹran, kó tó mú ọ̀bẹ rárá ló ti bi mí pé, “Kí lẹ tẹ́ sílẹ̀ fún wọn?” Ó la ọ̀kan, ó fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ hàn mí: kókó kéékèèké, funfun tó ń lọ sí pupa rúsúrúsú, bí ọkà bàbà. Ó ní aspergillosis ni wọ́n ń pè é, èbu ló fà á, kò sì sí oògùn kan tó máa wò ó sàn fún ọmọ adìẹ. Kí n lọ kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ dànù lónìí. Mo kó o dànù lóru ọjọ́ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi ń bá mi gbé àpò, kò bá mi sọ nǹkan kan. Mọ́kàndínlógún ló ti lọ kó tó dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ béèrè, bí lẹ́búlẹ́bú ni o, bí èèpo ìrẹsì ni o, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó sùn lálẹ́ àná. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgúnpá. Tí inú rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí tó ń rùn, tàbí tí ẹ rí ohun funfun bí òwú nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kódà bó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ní tèmi, mi ò ra ti sọ́mìlì mọ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà tó ń ṣe àga àti tábìlì lábẹ́ òrùlé ni mo ń lọ, kì í ṣe fún èyí tó kúnná tí ayùn ń tú jáde o, èyí tí ẹ̀rọ ìfági ń fá, tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí èèpo àlùbọ́sà, òun ni mo ń pè ní ìfági níbí. Ìyẹn ń fa omi mu, kì í sì í fò bọ imú. Èyí tó kúnná yẹn, òròmọdìẹ máa ń ṣà á jẹ bí oúnjẹ, ó sì lè dí wọn níkùn. Ẹ béèrè irú igi tó jẹ́ pẹ̀lú. Arère dáa. Tí wọ́n bá ní igi tí wọ́n ń pè ní mansonia ni, ẹ má gbà á. Ẹ bi káfíńtà ohun tí ojú àti imú wọn ń rí lọ́wọ́ eruku rẹ̀. Bákan náà ni pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò kùn.

Èèpo ìrẹsì kò burú, pàápàá tí ẹ bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì. Ó fúyẹ́, kì í tètè dì pọ̀. Àmọ́ kì í fa omi mu tó bẹ́ẹ̀, omi á kàn gba àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo máa ń pò ó mọ́ ìfági. Iyanrìn ńkọ́? Fún àgbà adìẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣeé ṣe. Fún òròmọdìẹ nínú òjò, ó tutù jù, kò sì sí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní dun bó bá ń kó o jáde. Èèpo ẹ̀pà, ẹ gbàgbé ẹ̀, kíá ló ń bu.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo máa ń tẹ́ páálí lé e lórí, kí wọ́n lè mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí ìfági. Ẹ má lo ìwé ìròyìn nìkan. Ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ adìẹ lè yà sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè má padà mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ìfági ga tó íǹṣì mẹ́ta.

Ẹnì kan níbí ní tó bá ti ń rùn kí ẹ da eérú sí i. Mo ti ṣe é rí. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Òórùn tó ń ta imú yẹn, ammonia ni, inú ìgbẹ́ tó tutù ló ti ń jáde, eérú sì máa ń tú u jáde sí i ni. Ẹfun ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó tutù ni kí ẹ fi ṣọ́bìrì kó kúrò, kí ẹ fi gbígbẹ dí i. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń rùn, ẹ lóṣòó kí imú yín dé ibi tí imú adìẹ wà. Ẹni tó dúró ò lè mọ̀.

Abọ́ omi ló sábà máa ń ba ilẹ̀ jẹ́, kì í ṣe òjò. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, kó ga tó ẹ̀yìn adìẹ. Láràárọ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ láàárín ilé adìẹ, ẹ fún un: tó bá dì bí ẹ̀bà, ó ti tutù jù, àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní coccidiosis ò sì jìnnà, ẹ ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn. Tó bá dì díẹ̀ tó sì tú ká bí ẹ ṣe la ọwọ́, ó ti tọ́. Tí wọ́n bá ti dàgbà, mo máa ń fọ́n àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn fúnra wọn á tú gbogbo ilẹ̀ fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òjò ti ń bọ̀ báyìí. Tí ẹ ò bá tíì ra òròmọdìẹ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ kó ìfági, kí ẹ sá a sórí tapólì fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tó lọ sanwó ọmọ adìẹ.