Nọ́ńbà tó kọ̀ tí ò gbà kí wọ́n pín òun: ṣé práìmù ni lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà. Wọ́n fún ọmọ mi tó wà ní SS2 ní 4294967297 pé kó sọ bóyá práìmù ni (ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in gééré àfi 1 àti ara ẹ̀) àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kalikuléítọ̀ tí mo fi ń ṣírò ọjà ní ṣọ́ọ̀bù la lò, a fi 3 pín in, a fi 7, a fi 11, a ń bá a lọ títí dé 97, gbogbo ẹ̀ ló ń mú póíǹtì wá. Ọmọ ní práìmù ni, bàbá ẹ̀ náà ní práìmù ni. Ṣé kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ ní kó dá bírò dúró ná, kì í ṣe práìmù. Ẹ fi 641 pín in, ẹ máa rí 6700417 gééré, póíǹtì kankan ò ní sí lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí ló fa wàhálà, torí práìmù 25 péré ló wà látorí 2 dé 97, 641 sì ni ìkẹrìndínlọ́gọ́fà.

Ibo ló wá yẹ kéèyàn dúró sí? Rúùtù ẹ̀ ni, ìyẹn nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fi lọ́nà ara ẹ̀ tó máa bí i. Bí nọ́ńbà kan bá ṣeé pín lóòótọ́, ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín in ò ní ju rúùtù yẹn lọ. Ti eléyìí fi díẹ̀ bíńtín ju 65536 lọ, práìmù 6542 ló sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ta ló fẹ́ jókòó ti ìyẹn nígbà tí kọ́sítọ́mà ń dúró?

Àmọ́ ọ̀nà àbùjá wà, mo sì fura pé tíṣà yẹn mọ̀ ọ́n. Ẹ fi 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 títí tí 2 á fi pé méjìlélọ́gbọ̀n, kẹ́ ẹ wá fi 1 lé e, nọ́ńbà yín nìyẹn. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, gbà láyé àtijọ́ pé gbogbo irú ẹ̀, níbi tí iye 2 náà bá jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16, 32, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ni práìmù, torí 3, 5, 17, 257 àti 65537 tó ṣáájú ẹ̀, práìmù ni gbogbo wọn, àfi ìgbà tí Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, gbé 641 jáde lọ́dún 1732. Euler náà ló fi hàn pé práìmù yòówù tó bá máa pín nọ́ńbà yìí, tẹ́ ẹ bá fi 64 pín práìmù ọ̀hún, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí 65, ẹ máa fi 64 kún un, 129, 193, 257, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ àwọn tí kì í ṣe práìmù sọnù, 193, 257, 449, 577 àti 641 nìkan lẹ máa dán wò. Ìkarùn-ún ló mú un!

Ẹ ṣọ́ra fún kalikuléítọ̀ o. Èyí tí ojú ẹ̀ ò gbà ju nọ́ńbà 8 lọ ò lè gbé eléyìí rárá, tí nọ́ńbà bá sì wá gùn bíi 147573952589676412927, ọ̀pọ̀ wọn á gé ìrù ẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fi pín in lẹ́yìn ìyẹn irọ́ ni. Èyí gan-an dùn mọ́ mi: Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, fi hàn lọ́dún 1876 pé kì í ṣe práìmù, síbẹ̀ kò mọ ohun tó pín in! Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole, ará Amẹ́ríkà, tó mú un jáde, 193707721 lọ́nà 761838257287. Ẹ da gàrí Ìjẹ̀bú pọ̀ mọ́ gàrí Ọ̀yọ́ wò, ìṣẹ́jú kan ti tó, kí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bẹ́ẹ̀ náà ni fífi nọ́ńbà méjì lọ́nà ara wọn ṣe rọrùn ju wíwá ohun tó pín èsì ẹ̀ lọ.

Kó kọ composite, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kì í ṣe práìmù. Kó to nọ́ńbà márààrún sílẹ̀, torí wọ́kìn ló ní máàkì jù, kó wá kọ 641 × 6700417 sábẹ́ ẹ̀. Kó má wulẹ̀ dán 6700417 wò mọ́, práìmù nìyẹn.