Èsì: MX-5 tí kì í gbóná tó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní abẹ́rẹ́ ìgbóná MX-5 yín, ọkọ̀ Mazda kékeré yẹn, kì í dé àárín lórí títì márosẹ̀, hítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, àmọ́ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, á gòkè padà. Ó jọ pé thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí yóò fi gbóná, ló ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ ṣíná sí i, kí ẹ di hóòsì òkè rédíétọ̀ mú. Tí thermostat bá dáa, hóòsì yẹn á tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á wá ṣàdédé gbóná. Tí tiyín bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà nìyẹn.

Yíyọ rẹ̀ ò le. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ fa coolant (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tú ìdérí thermostat. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ (ohun tó ń dí ojú ìdérí kí omi má jò) tó lẹ̀ pinpin ni wàhálà. Èmi fi ọ̀bẹ ha tèmi, ojú irin fọ́ yánnayànna, omi ń jò, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi sùúrù ha á.

Ẹ kọ́kọ́ sọ thermostat tuntun sínú ìkòkò omi lórí iná: ní nǹkan bíi 88°C, ó yẹ kó máa ya ẹnu. Tí ẹ bá ń dè é, kí pín-ìnnì kékeré tó ń mì lára rẹ̀ wà lókè, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Ẹ má sì yọ thermostat dànù kí ẹ máa wakọ̀ láìsí i bí àwọn mẹkáníìkì kan ṣe máa ń ṣe nílé. Epo ni ẹ́ńjìnnì á máa mu.