Ìbéèrè Yín: Kí Ló Dé Tí Àwòrán Fi Ṣú Lórí Ìwé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwòrán tí a fẹ́ lò fún kàlẹ́ńdà ọgọ́rin ọdún màmá wa ń dán gbinrin lórí fóònù, ṣùgbọ́n èyí tí onítẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ̀ ṣú, kò sì hàn kedere. Ẹ̀bi ta ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire màmá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má jẹ́ ti onítẹ̀wé rárá. Bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp yóò fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ohun tí ó bá sì gé kúrò kò ṣeé dá padà. Fáìlì tí ó ti inú kámẹ́rà jáde gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Ojú ìwé A3 (ìlọ́po méjì ìwé A4) tí a óò tẹ̀ ní 300 dpi, ìyẹn ọ̀ọ́dúnrún àmì tóótòòtó nínú íǹṣì kan, ń fẹ́ píksẹ́lì (àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán) 3508 ní ìbú àti 4961 ní gígùn. Bí tiyín kò bá tó ìdajì èyí, ẹ dín ìwọ̀n kàlẹ́ńdà kù. Kí ènìyàn kàn kọ 300 dpi sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí píksẹ́lì kò tó, ẹ̀tàn lásán ni.

Ní ti àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń gbé e jáde, íǹkì mẹ́rin tí a ń pè ní CMYK sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, nítorí náà búlúù tí ń kọ mànà lára gèlè kò lè rí bákan náà lórí ìwé. Kí àwọn onítẹ̀wé jẹ́ kí àwòrán fi mìlímítà 3 kọjá etí kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò gé, nítorí ọ̀bẹ tí ń gé ìwé lè yẹ̀ díẹ̀. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí irú ìwé tí wọn yóò lò gan-an, kí ẹ sì wò ó lójú ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù.