Omi Fífọ Wíńdò: Ṣé Ká Máa Rà Á, Àbí Ká Máa Ṣe É Nílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá wa lóhùn. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo ń ṣe níbí ní Òṣogbo, ilé èèyàn, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n bá ṣáà ti pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílùú òyìnbó ló fi ọ̀pá gígùn kan ránṣẹ́ sí mi, bọ́rọ́ọ̀ṣì wà lórí ẹ̀, omi sì máa ń gba inú ẹ̀ jáde, ó ní kí n yé gun àkàbà kiri. Mo wá lò ó nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ògo-Olúwa, omi kànga dẹ̀rọ inú ilé yẹn náà ni mo lò, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń dán, àfi bó ṣe gbẹ tán tí àmì funfun kéékèèké kún gbogbo díńgí, ni màdáámù bá ní òun ò sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan inú ẹ̀ kúrò ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, àwọn kan ń rà á, àwọn kan ń ṣe é nílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà ra píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá, ẹlòmíì ní kí n lọ yáwó ra ẹ̀rọ. Èwo ni kí n ṣe? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀ o.
Afọ-wíńdò, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira. Ó dùn mí gan-an pé ẹ ṣiṣẹ́ tán tí wọ́n ò sanwó, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń sọ pé kẹ́ ẹ ra tibí, kẹ́ ẹ ra tọ̀hún, kò sẹ́ni tó tíì yẹ omi yín wò nínú wọn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Àmì funfun yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Inú omi ló ti wá. Àpáta ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Òṣogbo, omi kànga á sì ti wà láàárín àpáta àti iyẹ̀pẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, á ti máa yọ́ nǹkan lára wọn, kálísíọ̀mù, màgnísíọ̀mù, oríṣiríṣi iyọ̀, ojú ò lè rí i. Tí oòrùn bá fa omi lọ, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ò lè bá a lọ, ibi tí ẹ̀kán omi bá ti gbẹ náà ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ ń fi rọ́bà fa omi kúrò lójú díńgí, ẹ ò rí àmì yìí torí pé ẹ ò jẹ́ kí omi gbẹ síbẹ̀. Ọ̀pá tuntun yìí yàtọ̀, a kì í nu díńgí lẹ́yìn ẹ̀, ńṣe la máa fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra ẹ̀, torí ẹ̀ ni omi tẹ́ ẹ bá lò ò fi gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan nínú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ píọ̀ wọ́tà. Omi inú ọ̀rá, mímu ni wọ́n ṣe é fún, ohun tí NAFDAC sì ń wò ni pé kó má pa ẹni tó bá mu ún lára. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gba omi yẹn kọjá nínú yanrìn, nínú èédú, nínú fíltà kéékèèké, wọ́n á tún fi iná UV pa kòkòrò inú ẹ̀. Ó dáa fún mímu o, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìyẹn tó ń yọ iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi kúrò, iyọ̀ inú kànga wọn náà lẹ máa gbé lọ sójú wíńdò oníwíńdò. Ká tún wá ní ó mọ́ pàápàá, àpò kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kan 50cl, lítà 10 péré nìyẹn. Ọ̀pá tẹ́ ẹ ní yẹn máa ń mu tó lítà kan sí méjì ní ìṣẹ́jú kan tí omi bá ń ṣàn, ẹ lè lo 300 lítà lójúmọ́ kan, àpò 30 nìyẹn, ọ̀rá 600 tẹ́ ẹ máa jókòó ya lọ́kọ̀ọ̀kan! Rárá o.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà ni TDS mítà, òun ni wọ́n fi ń wọn nǹkan tó ti yọ́ sínú omi. Kò tóbi ju bírò lọ, kò sì wọ́n tó ẹ̀rọ rárá. Ẹ bu omi sínú ife tó mọ́, ẹ fi omi yẹn kan náà ṣan ife àti ẹnu mítà lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá tì í bọ̀ ọ́, ẹ ní sùúrù kí nọ́ńbà dúró. Nọ́ńbà yẹn, ppm, ló ń sọ bí mílígíráàmù nǹkan tó ti yọ́ sínú lítà omi kan ṣe pọ̀ tó. 0 la fẹ́. Tí ò bá kọjá 10, ojú kì í sábà rí àmì. Tó bá ti ń gòkè kọjá ìyẹn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí i, pàápàá lára díńgí dúdú tí oòrùn ń pa. Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ wá díńgí dúdú kékeré kan, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ kán omi kànga sí apá kan, ẹ kán omi òjò tàbí omi mìíì sí apá kejì, ẹ gbé e sóòrùn. Nígbà tó bá gbẹ, ibi tí omi kànga wà á ní òrùka funfun, ẹ fi èékánná họ ọ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wọn omi kànga ilé yín, ẹ wọn ti aládùúgbò, ẹ wọn ti ibi iṣẹ́, torí kànga méjì tó wà ládùúgbò kan náà lè yàtọ̀ síra wọn gan-an, èyí tó bá sún mọ́ sókàwéè máa ń ga jù. Ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n nígbà òjò.

Ó ti wá di pé kẹ́ ẹ ṣe omi tó mọ́ yìí fúnra yín. Nǹkan méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan ni resin, wóró wóró kéékèèké bí ẹyin ẹja ló rí, inú sílíńdà kan ló máa ń wà, omi á wọlé láti apá kan, á jáde ní apá kejì, resin á gba iyọ̀ inú omi mọ́ra títí mítà á fi máa ka 0. Kò lo iná, kò da omi nù. Ṣùgbọ́n ó máa ń tán. Lítà resin kan lè ṣe bí 200 sí 300 lítà omi tó bá jẹ́ 100 ppm, tó bá jẹ́ 200 ppm á ṣe ìdajì ìyẹn, tó bá jẹ́ 10 ppm péré á ṣe ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ rí i pé nọ́ńbà orí mítà ló ń pinnu owó tẹ́ ẹ máa ná. Tó bá ti ń tán, nọ́ńbà á kàn fò sókè lójijì, nígbà mìíì ẹ tún máa gbọ́ òórùn ẹja, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ kó tuntun sí i. Àwọn kan máa ń fi ásíìdì àti sódà olóró sọ ọ́ dọ̀tun, ẹ má dán an wò nílé tí ọmọdé wà.

Èkejì ni RO, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń fi agbára ti omi gba ara awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó lè yọ bíi 95 nínú 100 ohun tó wà nínú omi, 200 ppm á di 10, tẹ́ ẹ bá wá fi resin sí ẹ̀yìn ẹ̀ á di 0, resin yẹn á sì pẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á máa ń wú àwọn èèyàn lórí, wọn kì í sọ ìyókù. Àkọ́kọ́, ó ń da omi nù, tó bá ṣe lítà kan tó mọ́, ó lè da lítà kan sí mẹ́ta nù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ 300 lítà ẹ lè fa 600 sí 1,200 lítà látinú kànga, tó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń fà á tàbí pé omi táńkà lẹ ń rà, ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. (Omi tó dà nù yẹn ò burú, ẹ fi fọ ilé, ẹ fi da sínú ṣáláńgá, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù náà á gbà á lọ́wọ́ yín.) Èkejì, tánkì orí ìdúró tó ga mítà 6, agbára tí omi fi máa sọ̀ kalẹ̀ ò ju psi 9 lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti nǹkan), RO sì ń fẹ́ 40 sókè, kẹ́ ẹ tó rí i ṣe dáadáa ẹ gbọ́dọ̀ ra pọ́ńpù kékeré sí i. Ìkẹta, klóríìnì inú omi ìjọba máa ń ba awọ yẹn jẹ́, torí ẹ̀ ni fíltà èédú fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú ẹ̀, tí omi kànga yín bá sì máa ń pọ́n bí ìpẹtà, irin inú ẹ̀ máa dí i pa. Ohun kan wá wà tó ṣe wá lóore: ìwọ̀n digiríì 25 ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rọ yìí, nílùú òyìnbó tí omi wọn tutù, kì í tó bẹ́ẹ̀ sáré, omi tiwa níbí lọ́wọ́ọ́rọ́, ó bá a mu. Èyí tí wọ́n kọ 400 GPD sí lára, ìyẹn gálọ́ọ̀nù 400 lójúmọ́, lè ṣe bí 60 lítà ní wákàtí kan tí gbogbo nǹkan bá pé, ẹ kàn máa tàn án sílẹ̀ lálẹ́ kó máa kún tánkì.

Ní tèmi o, ohun tí mo máa ṣe tí mo bá wà ní ipò yín rèé. Tí mítà bá ní kànga yín ò tó 100 ppm, ẹ fi RO sílẹ̀, ẹ ra sílíńdà resin nìkan. Tó bá ga ju ìyẹn lọ, ẹ má ra ẹ̀rọ, ẹ má sì ra omi tó ti parí pátápátá, ẹ lọ ra omi tó ti dé ìdajì ọ̀nà. Àwọn ilé iṣẹ́ omi kan wà tó ní RO tiwọn, ẹ mú mítà yín lọ síbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ wọn omi tó ń jáde lẹ́nu RO gan-an, kó tó di pé wọ́n fi nǹkan mìíì sí i. Tó bá ka 10 sí 20, ẹ bá wọn dúnàá-dúrà, kẹ́ ẹ máa fi kẹ́ẹ̀gì gbé e, kẹ́ ẹ wá gbà á kọjá nínú resin kékeré nílé. Wọ́n ti bá yín ṣe iṣẹ́ tó lówó lórí jù, resin yín ò ní tètè tán, ẹ ò sì jẹ gbèsè. Mi ò tíì rí ọ̀nà tó dáa ju èyí lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà wo lẹ máa wá ra ẹ̀rọ? Ẹ ṣírò ẹ̀. Ká ní, iye tí mo máa pè yìí àpẹẹrẹ ni o, ẹ fi iye ọjà tòní rọ́pò ẹ̀, ká ní gbogbo ẹ̀rọ jẹ́ ₦300,000, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tẹ́ ẹ ń rà jẹ́ ₦1,500 pẹ̀lú owó ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣe é nílé ó máa ná yín ní ₦300. ₦1,200 lẹ jèrè lórí kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ̀rọ á san owó ara ẹ̀ lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì 250. Ẹni tó ń lo kẹ́ẹ̀gì 12 lójúmọ́, iṣẹ́ ọjọ́ 21 ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń pè yín, ó lé lóṣù mẹ́wàá, ẹni tó yáwó elélé á ti sunkún kí ìgbà yẹn tó tó.

Ẹ kíyè sí kẹ́ẹ̀gì náà, jàre. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí wọ́n fi ta òróró, bó ti wù kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, òróró á ṣì wà lára ẹ̀, á sì fa ìlà sójú díńgí. Ẹ ra tuntun. Ẹ tún rántí pé lítà kan jẹ́ kílò kan, kẹ́ẹ̀gì 12 jẹ́ 300 kílò, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn Micra kan ṣoṣo kẹ́ ẹ máa sáré lórí títì Gbọ̀ngán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tí mo bá se omi kànga tàbí tí mo ju álọ́ọ̀mù sí i, kò ní ṣiṣẹ́ kan náà? Mo tún gbọ́ pé omi bátìrì dáa.
Ìyá ọlọ́jà, Ìgbọ̀nà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà mà. Kò ní ṣiṣẹ́. Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ni, iyọ̀ tó ti yọ́ ò ní bá a lọ. Síse omi, ó ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n èéfín tó ń lọ yẹn omi ni, iyọ̀ ń jókòó sínú ìkòkò, èyí tó kù tún wá nípọn sí i. Omi bátìrì gidi mọ́ lóòótọ́, àmọ́ inú ike kékeré ni wọ́n ń tà á, ẹ̀yìn wíńdò méjì ó ti tán. Ìbẹ̀rù mi jù ni pé àwọn tó ń ta omi bátìrì ló ń ta ásíìdì bátìrì nínú ike tó jọra, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi ṣeré, ásíìdì lè fọ́ni lójú.

ÌBÉÈRÈ: Omi òjò ńkọ́? Tiwa máa ń kún dúrọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́.
Bàbá ilé kan, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun sà, inú mi dùn pé ẹ béèrè. Omi òjò ò bá àpáta lò pọ̀ kó tó dé, iyọ̀ inú ẹ̀ kéré púpọ̀, nọ́ńbà ẹ̀ lórí mítà lè jẹ́ ìyàlẹ́nu fún yín. Páànù ló ń bà á jẹ́: eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ, ìpẹtà. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn òjò àkọ́rọ̀ kọjá pátápátá, ẹ fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ, ẹ bò ó dáadáa kí oòrùn má bàa sọ ọ́ di ewéédò. Ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá ka 10 sísàlẹ̀, ẹ lè fi fọ wíńdò bẹ́ẹ̀, tó bá lé díẹ̀, resin kékeré á parí ẹ̀. Ẹni Òkè-Fìà, tiyín náà nìyí o, ẹ má jẹ́ kí òjò ọdún yìí ṣàn lọ, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù ike méjì kalẹ̀. Kẹ́ ẹ tó padà sílé màdáámù Ògo-Olúwa, ẹ kọ́kọ́ fi fínígà díẹ̀ pa àmì àtijọ́ yẹn lára díńgí, kó má kan máàbù tó bá wà nítòsí, ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì kúrò lójú wíńdò kí eruku inú ẹ̀ má ṣàn sórí ibi tẹ́ ẹ ti fọ̀, ẹ wá fi omi tó ka 0 ṣàn án láti òkè wá sísàlẹ̀.